Àwọn agbágọ́ọ̀fù ń bọ̀ nílé mi ní Ìkòròdú: báwo ni kí n ṣe tò ó?

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi tó ń gbé London ń bọ̀ wálé ní oṣù kìíní, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa lò. Wọ́n fẹ́ gbá á ní Ìkẹjà, Ìkòyí, Lakowe Lakes (pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́) àti Ìbàdàn, kí wọ́n sì máa padà wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú lálaalẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbá gọ́ọ̀fù rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ojú lọ́nà o. Inú mi dùn sí i pé ẹ tètè béèrè. Ìkòròdú dára fún ìrìn àjò yìí ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé kí wọ́n máa padà wá sùn níbẹ̀ lálaalẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa tò irú ìrìn àjò yìí fún àwọn agbágọ́ọ̀fù, ọ̀nà ló sì máa ń ba ètò jẹ́ ní Èkó, kì í ṣe pápá. Ẹni mẹ́rin tó bá jọ gbá ihò 18 (odindi eré gọ́ọ̀fù kan nìyẹn) á lo wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òtútù dé kò lè gba oòrùn ọ̀sán wa, torí náà ó yẹ kí wọ́n ti wà lórí pápá ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìkòròdú dé Ìkòyí ní aago méje, òru ló máa jí, yóò sì bá àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ pàdé ní Máìlì 12 àti Kétu. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó ronú nípa ọkọ̀, ìwé ni kí ẹ kọ. Ikoyi Club 1938 àti Ikeja Golf Club, ẹgbẹ́ tó wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èèyàn kì í kó owó dé ẹnu géètì wọn kó ní òun fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù. Kí àbúrò yín gba lẹ́tà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní London, kó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, kó sì kọ handicap ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó nìyẹn). Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka gọ́ọ̀fù níbí, kí ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ méjèèjì ní àdéhùn pẹ̀lú ara wọn, tàbí bóyá ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ gbà wọ́n lálejò. Ẹ wá inú ẹbí àti ọ̀rẹ́ dáadáa, ẹ ó rí ẹnì kan. Lakowe Lakes rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlejò lè sanwó kó sì gbá, bó bá ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹra fún Sátidé níbi gbogbo, nítorí ìdíje àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ Mọ́ńdè, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tún pápá ṣe.

Bí èmi ṣe máa tò ó nìyí. Ìkẹjà ni pápákọ̀ òfurufú wà, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ẹ má kó wọn kọjá sí Ìkòròdú lóru pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n á sinmi lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbá ti Ìkẹjà lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á sì lọ sùn sí Ìkòyí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá ti Ìkòyí tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba orí omi wálé. Èbúté Five Cowries ní Fálọmọ kò jìnnà sí pápá náà, ọkọ̀ ojú omi sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú. Ẹ gba káàdì Cowry (èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀) fún wọn ṣáájú. Àpò gọ́ọ̀fù gùn, ó sì wúwo: kí dírẹ́bà kó o gba ojú títì. Ẹ ríi pé wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ sì béèrè aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra, nítorí a kì í rìn lórí omi lóru. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá ṣú láàárọ̀, ọkọ̀ lè pẹ́ kó tó gbéra. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi omi sí ìgbà àbọ̀ wálé, tí kò sí ẹni tó ń dúró de wọn níbì kan.

Ìgbà yìí ni ilé yín wá wúlò. Ọ̀pọ̀ máa ń gba Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó lọ sí Lakowe, sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ wá yà sí títì Lẹ́kí. Ẹ ó bá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá níbẹ̀, àmọ́ ẹ kò ní wọ àárín ìlú rárá. Ibi ìsùn wà nínú ọgbà Lakowe Lakes, kí wọ́n sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ dúró ní ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ẹja tútù tí wọ́n máa jẹ.

Fún Ìbàdàn, ọ̀nà Ògijo sí Ṣágámù ló kàn yín, ẹ kò ní ohun tí ẹ ń wá lọ sí Ojota. Pápá àtijọ́ wà ní Onírẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n ti IITA ni èmi máa mú: inú ọgbà àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wà, igbó àti ẹyẹ yí i ká, ibùwọ̀ àlejò sì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ètò pápá nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá kéré jù, Ìkẹjà ni kí ẹ yọ, kì í ṣe ibí yìí.

Ní ti ẹrù, igi gọ́ọ̀fù 14 ni òfin gbà fún ẹnì kan. Iye tí bàálù ń gbà fún àpò náà yàtọ̀ síra, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wù tó ní kọ́là ni kí wọ́n kó wá, kí wọ́n má kó jíǹsì. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ibà kí wọ́n tó kúrò ní London.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gba kádì (ẹni tó ń bá agbágọ́ọ̀fù gbé àpò lórí pápá), kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Koríko ojú ihò tiwa máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn sì ń darí bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo etí ihò: apá ibi tó ti rí gbágungbàgun, tó ti ń gbẹ, apá ibẹ̀ ni koríko kọjú sí. Bọ́ọ̀lù tó bá ń lọ síbẹ̀ á yá, èyí tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ á falẹ̀. Kádì tó ti ń rìn lórí pápá náà fún ọdún pípẹ́ kò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó sọ fún wọn. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn kádì kí wọ́n tó jáde sórí pápá, kí ẹ sì ti pààrọ̀ náírà sọ́wọ́ fún wọn, kó má di pé kádì dúró de ẹni tó fẹ́ lọ wá báńkì.