Owó oúnjẹ lọ́tọ̀, ọjọ́ ìbẹ̀wò lọ́tọ̀

Àbúrò mi tó ń gbé Lugbe l'Àbùjá, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ. Bàbá ọmọ sẹ́ oyún, kò yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ máa mú ọmọ lọ ní Sátidé. Ìwọ náà ní kò ní fojú kàn án àfi tó bá sanwó. Kubwa níbí lèmi ti rí tèmi, mo mọ bó ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n má so méjèèjì pọ̀ níwájú adájọ́. Tọmọ ni wọ́n ń rò, wọn ò ní fi ọmọ ṣe ìdógò gbèsè fún ẹ.

Àbùjá ń lo Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003. Tó bá ṣì ń jiyàn, ní kí kọ́ọ̀tù pàṣẹ àyẹ̀wò DNA. Tó bá kọ̀, adájọ́ lè fi kíkọ̀ yẹn ro nǹkan tí kò ní gbè é. (Ẹbí á ní ọmọ jọ bàbá ẹ̀, imú ni, etí ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.) Pé ẹ ò ṣègbéyàwó ò ní kó má bọ́ ọmọ níwọ̀n agbára ẹ̀. Àmọ́ torí ẹ ò ṣègbéyàwó náà, kò lè kàn wá gbé ọmọ lọ láìsí àdéhùn tàbí àṣẹ kọ́ọ̀tù.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí wọ́n ṣe máa kọ àṣẹ ìbẹ̀wò yẹn. Lọ́yà fẹ́ kọ "àsìkò tó bá yẹ" sínú tèmi, mo ní rárá. Ta ló máa sọ pé ó yẹ? Ẹ kọ ọjọ́, aago tó máa mú un, aago tó máa dá a padà, ẹni tó máa gbé e wá. Ẹ kọ Iléyá àti ọlidé Kérésì sí i, pàápàá tí màmá bàbá ọmọ bá wà ní Òṣogbo, torí ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Owó ilé-ìwé, kó san án tààrà sí àkáǹtì ilé-ìwé. Ti oúnjẹ, tíránsífà ni, kó kọ ohun tó wà fún sí i. Má gba owó ọwọ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá ọmọ obìnrin o, ìyẹn la fi ń gbọ́ "ṣebí mo ti fún un."

Táwọn àgbà ẹbí bá parí ẹ̀ nílé, ó dáa, kí lọ́yà kọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí kọ́ọ̀tù sọ ọ́ di ìdájọ́. Tí owó lọ́yà ò bá sí, lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba ni, wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Mú ìwé ìbí ọmọ àti àwọn rìsíìtì ẹ dání.