Ẹnì kan ní kí n sanwó kí òun fi bá mi gba ìwé onígbọ̀wọ́ fún iṣẹ́ ní ìlú Ọba. Ṣé ó tọ́ kí n san án?

Rárá o, ẹ má san án. Agbanisíṣẹ́ ló ń gba ìwé onígbọ̀wọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní Certificate of Sponsorship, lọ́dọ̀ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀, òun náà ló sì ń sanwó rẹ̀: pọ́n-ùn 525 láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní ti Skilled Worker, ìyẹn físà àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, òfin ò gbà kí ilé iṣẹ́ gba owó yìí padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Èyí tó kàn yín ni owó físà àti owó ìlera, ẹni tó bá sì gba Health and Care, ìyẹn físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kì í san owó ìlera yẹn.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé bébà ni ìwé onígbọ̀wọ́ yìí. Kì í ṣe bébà. Inú kọ̀ǹpútà Home Office ló wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi béèrè físà láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹ lọ sórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ìlú Ọba, ẹ wo orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó láṣẹ àtiṣe onígbọ̀wọ́. Ẹ wo ìlú tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà dáadáa. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan ò tó, torí àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń lo orúkọ ilé iṣẹ́ gidi. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì wọn, kí ẹ pè wọ́n.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà yín sí láti òkèèrè, irọ́ ni: wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025.