Ẹ Bi Wá: Yíya Fídíò Ẹ̀kọ́ Sórí Pépà Kí A Tó Gbà Á Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ kíláàsì kejì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú 3 tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà Yorùbá láti ọ̀kànlá dé ogún. Mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ó sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá mi ṣe é ní àfi kí n kọ́kọ́ ṣe storyboard. Ǹjẹ́ ó pọn dandan? N kò sì mọ àwòrán yà.

Ìdáhùn: Ó pọn dandan, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Storyboard ni àwọn àwòrán kéékèèké tí a tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ohun tí ojú yóò rí hàn, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ tí etí yóò gbọ́ àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà sí abẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di àṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nítorí pé yíyọ pépà kan kúrò lára pátákó rọrùn ju títún odindi àwòrán tí ń rìn yà lọ.

Ẹ wo òǹkà tiyín gan-an. Láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá ni. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀ẹ́dógún lọ, à ń yọ kúrò nínú ogún ni, tí ẹ̀rìndínlógún fi jẹ́ ogún tí ó dín mẹ́rin. Bí ayàwòrán kò bá fi èyí sọ́kàn, ọsàn mẹ́wàá ni yóò yà, tí yóò máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un títí yóò fi pé ogún. Ohùn yóò máa sọ pé ó dín, ojú yóò máa rí i pé ó ń pọ̀ sí i, ọmọ kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Àṣìṣe yìí kò lè hàn nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, nítorí pé kò sí àwòrán níbẹ̀. Lórí storyboard, ẹ ó rí i pé ibi ẹ̀ẹ́dógún ni ohun gbogbo ti gbọ́dọ̀ yí padà: kí ogún ọsàn pé sórí àtẹ, kí ọwọ́ sì kó márùn-ún kúrò bí ohùn ti ń pe orúkọ náà. Richard Mayer, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, ti fi ọ̀pọ̀ ìdánwò hàn pé ẹ̀kọ́ a máa yéni sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ó bá a mu bá jáde pọ̀, àti pé ọ̀ṣọ́ tí kò kan ẹ̀kọ́ a máa dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, bí labalábá kan bá ń fò lẹ́yìn àtẹ ọsàn, ẹ pa á rẹ́.

Ní ti àwòrán yíyà, ẹ má fòyà: róbótó ni ọsàn, ìlà mélòó kan sì tó fún ọwọ́. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí ẹ fi pépà náà han ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, kí ẹ máa fi ìka tọ́ka sí àwòrán bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá ní kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ẹ̀tàdínlógún fún yín. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ṣiyèméjì ni kí ẹ tún yà.

Ẹ wo àkókò náà pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 3 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180; bí ẹ bá pín in dọ́gba, 18 péré ni yóò kan òǹkà kọ̀ọ̀kan, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ráyè pe é tẹ̀ lé yín nínú rẹ̀. Èyí lè tó fún ọ̀kànlá, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹ̀ẹ́dógún. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ ọ́ di fídíò méjì, kí àkọ́kọ́ parí sí ẹ̀rìnlá, kí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ láti ogún, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí ẹ̀ẹ́dógún.