Ọ̀rọ̀ 20 péré ni wọ́n ń béèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Àjàṣẹ́ là ń gbé. Faransé ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, fi ń kàwé, Yorùbá là ń sọ nílé. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti Cambridge tí wọ́n ń pè ní Flyers. Mo ti ní kó há àròkọ mẹ́ta sórí, àmọ́ tí mo bá ní kó kọ ti ara rẹ̀, àfi kó máa fi bírò họrí. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Àròkọ àkọ́sórí yẹn, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún kíkà àti kíkọ pọ̀. Ní apá keje, tó kẹ́yìn, wọ́n á gbé àwòrán mẹ́ta tó tẹ̀ léra síwájú ọmọ, kó fi ọ̀rọ̀ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ ìtàn inú wọn. Ogún! Ìbéèrè tí ẹ kọ sí mi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọ tó bá lọ da “Ọ̀rẹ́ mi àtàtà” síbẹ̀ kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

Èmi máa ń ya àwòrán sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin kan há sórí igi. Bọ̀dá rẹ̀ gbé àkàbà wá. Ọ̀bọ ju bọ́ọ̀lù náà lu bọ̀dá lórí. N kò mọ àwòrán yà, ìyẹn gan-an ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìtàn náà, kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sókè, kó tó mú bírò. Àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ Yorùbá níbẹ̀ rárá. Èmi fẹ́ ẹ, torí ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ ló ń họrí.

Àṣìṣe tí ẹ máa rí jù rèé: “The girl lost his ball.” Ẹ má pè é ní olódo. “Bọ́ọ̀lù rẹ̀” ni Yorùbá ń sọ, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ni ín. Faransé ní tirẹ̀, nǹkan tí wọ́n ní ló ń wò, kì í wo ẹni tó ni ín. Gẹ̀ẹ́sì ló ń wo olówó nǹkan. Ẹ ní kó fi ìka kan ẹni tó ni bọ́ọ̀lù nínú àwòrán kó tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà, “see” tó ń di “saw”. “Rí” tiwa kì í yí padà, lánàá tàbí lónìí. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́wàá tó máa ń wà nínú ìtàn ti tó fún un láti mọ̀ dunjú.

Kò sí pé ó feèlì níbẹ̀. Asà ni wọ́n fi ń ka máàkì, ó lè tó márùn-ún ní gbígbọ́, márùn-ún ní kíkà àti kíkọ, márùn-ún ní sísọ. Tí Flyers bá ṣì wúwo jù, Movers ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwòrán kan péré ni wọ́n ń kọ nǹkan lé lórí níbẹ̀, gbólóhùn méjì ni ọmọ sì máa dá kọ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán mẹ́ta fún un lálẹ́ òní kí ẹ tó pinnu.