Ìbéèrè Yín: Igi Wo Ló Lè Dúró Létí Òkun?

Ìbéèrè: Ilé wa ní Àgbádárìgì kò jìnnà sí òkun. Ewé ọsàn tí a gbìn ń gbẹ létí. Kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ló ń jó o. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun ló kọ́kọ́ ń dà bíi tábà. Àgbọn ni kí ẹ fi síwájú, mítà 8 síra wọn. Ẹ gbẹ́ kòtò sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ po iyanrìn mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà; ìgbẹ́ tútù tí kò tíì jẹrà á jó gbòǹgbò. Ẹ má bo èso àgbọn náà mọ́lẹ̀ tán. Igi furúùtù (tí òyìnbó ń pè ní tropical almond) náà lágbára, àmọ́ ẹ jìnnà sí ògiri. Kajú á ṣe dáadáa lẹ́yìn wọn. Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ gbìn wọ́n, kí ẹ má sì bu omi kànga oníyọ̀ rin wọ́n.