Ṣé Ẹ̀rọ CPAP Mọ Ìgbà Tí Oorun Gbé Mi Lọ?

Ìbéèrè: Dókítà, èémí mi máa ń sé lójú oorun, wọ́n sì fún mi ní AirSense 10, ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú máàsìkì kí ọ̀nà èémí má bàa dí. Wọ́n ní ó máa ń dúró kí n sùn kó tó fi kún agbára atẹ́gùn. Àmọ́ ojú mi á ṣì là sílẹ̀, atẹ́gùn á ti máa le. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò nílé?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yẹn kò mọ oorun, mímí nìkan ló mọ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò oorun, a máa ń lẹ wáyà mọ́ orí, ẹ̀gbẹ́ ojú àti àgbọ̀n kí a tó sọ pé ẹnì kan sùn. Tiyín kò ní ìkankan nínú wọn. Bí ẹ bá mí nígbà 30 tó dọ́gba, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, AutoRamp, ètò inú ẹ̀rọ tó ń dúró de oorun kó tó fi kún atẹ́gùn, gbà pé ẹ ti sùn. Bí ẹ bá hanrun lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ó gbà bẹ́ẹ̀ náà. Bí kò bá rí àmì kankan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó ń gbàdúrà sínú lórí bẹ́ẹ̀dì lè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sùn.

Ẹ mú aago ẹ̀rọ bá aago ọwọ́ yín mu, kí ẹ fi káàdì SD sí i. Máàsìkì gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa: bí atẹ́gùn tó ń jò bá kọjá lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí ẹ̀rọ ń kà kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ dùbúlẹ̀ láìsùn, ẹ mí ní ìwọ̀n kan náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ kọ ìgbà tí atẹ́gùn le sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ máa gbé itọ́ mì, ẹ máa yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹ máa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tètè le lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Mímí yín ló tàn án jẹ. OSCAR, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lórí káàdì SD yẹn, yóò fi gbogbo rẹ̀ hàn yín.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni iye AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí ń sé tàbí tó ń dín kù ní wákàtí kan. Wákàtí tí ẹ fi wọ máàsìkì ni ẹ̀rọ fi ń pín in, kì í ṣe wákàtí oorun. Bí èémí bá sé nígbà 32 ní wákàtí 8, yóò kọ 4, ọkàn yín á sì balẹ̀ pé kò tó 5 tí a fi ṣe ààlà. Bó bá jẹ́ wákàtí 5 péré lẹ sùn, 6.4 ni. Ó sì lè yí padà: ẹni tó lajú, tó sé èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 bó ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ lè kà á mọ́ àìsàn. Nítorí náà, ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ sùn àti ìgbà tí ẹ jí sílẹ̀, kí ẹ mú un dé ilé ìwòsàn.

Ní báyìí ná, ẹ yí Ramp, ètò tó ń fi kún atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, kúrò ní Auto (AutoRamp) sí iye ìṣẹ́jú tí oorun fi máa ń gbé yín, 20 tàbí 30. Bí ẹ bá jí lóru tí atẹ́gùn ń dà yín láàmú, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún tàn án. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.