Ṣé àwọ̀ ló ń ya cocker spaniel ní wèrè ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. A ní ajá cocker spaniel kan nílé níbí ní Manchester, akọ ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi wúrà, ó ti pé ọdún kan àtoṣù mẹ́rin. Kò sẹ́ni tí kì í bá ṣeré, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí ọmọ mi ọlọ́dún méje bá ti fọwọ́ pa á lórí, á máa kùn mọ́ ọn, lánàá díẹ̀ ló kù kó gé e jẹ. Wọ́n ní àwọn tó pupa bẹ́ẹ̀, wèrè ti wà lẹ́jẹ̀ wọn, kí n yáa gbé e fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè mọ̀ pé èmi lọ̀gá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ṣé ẹ ti gbé etí ajá yẹn sókè wò? Ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ, pé tí ọmọ bá fọwọ́ pa á lórí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú àwọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti dáhùn ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwádìí kan jáde níbí lọ́dún 1996, wọ́n bi àwọn tó ń sin cocker léèrè, ó sì jọ pé àwọn aláwọ̀ kan ṣoṣo máa ń kanra ju àwọn aláwọ̀ méjì lọ. Kíkanra ni wọ́n sọ o, àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di wèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní rage syndrome wà lóòótọ́, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ajá tó bá ní in lè wà ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án kó kàn dédé dìde síni, ojú ẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀, tó bá tán á tún máa wò yín bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ó fara jọ wárápá. Tiyín ń kùn kó tó ṣe nǹkan, ojú kan náà lẹ sì máa ń fọwọ́ kàn tó fi ń kùn. Ajá tí nǹkan ń dùn nìyẹn.

Wọ́n gbé abo kan wá bá mi nígbà kan, òun náà pupa bíi wúrà, ńṣe ni wọ́n ní kí n gún un lábẹ́rẹ́ kó kú torí ó gé ọmọ jẹ lọ́wọ́. Mo gbé etí ẹ̀ sókè, òórùn ẹ̀ gbá mi nímú, nǹkan dúdú ti kún inú ẹ̀. A fún un lóògùn oorun, mo wá rí èso koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tó ti há sísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́. Nígbà tí wọ́n pa dà wá lọ́sẹ̀ kejì, orí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló gbórí lé.

Etí cocker gùn, ó wúwo, irun kún inú ẹ̀, atẹ́gùn ò ráyè wọlé, ihò etí ajá fúnra ẹ̀ sì tẹ̀ kọ́rọ́, kò lọ tààrà bíi tiwa, tómi bá ti dúró síbẹ̀ ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àdín sí i, ẹ má da spirit tàbí hydrogen peroxide sí i, ẹnikẹ́ni yòówù kó ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí awọ inú etí bá ti ya, ẹ lè sọ ajá di adití.

Títẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Kíkùn ni ajá fi ń sọ pé ó ń dun òun, tẹ́ ẹ bá lù ú torí ẹ̀ á dákẹ́ lóòótọ́, lọ́jọ́ míì á gé èèyàn jẹ láì kùn. Ọkàn cocker rọ̀, ariwo lásán máa ń bà á nínú jẹ́. Ajá ọdẹ ni wọ́n fi í ṣe, òun ló máa ń tú ẹyẹ woodcock jáde nínú igbó kí ọdẹ tó yìnbọn, ibẹ̀ ni orúkọ cocker ti wá, torí náà kò lè jókòó sórí àga látàárọ̀ dalẹ́, ó kéré tán ẹ mú un rìn fún wákàtí kan lójúmọ́. Ó tún máa ń fẹ́ gbé nǹkan sẹ́nu, ìbọ̀sẹ̀, bàtà, tó bá gbé e ẹ má já a gbà, ẹ fi ẹran díẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀, torí jíjá gbà yẹn ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ wọn láti máa kùn lórí nǹkan.

Mi ò tíì rí ajá yín o, mi ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́sẹ̀ yìí, kó wo etí, eyín àti ọrùn ẹ̀. Tí kò bá rí nǹkan kan, ẹ ní kó darí yín sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá. Títí dìgbà yẹn ẹ má fi òun àtọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, ìṣẹ́jú kan báyìí, ẹ má ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ fọ́mọ náà pé òun kọ́ ni ajá ń bínú sí. Ẹ má sì fọ etí yẹn kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, kí dókítà lè rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.